Ọkọ̀ Òfurufú Àfọwọ́kàn

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá wù lè kan ọkọ̀ òfurufú nínú gáréèjì rẹ̀. Kó sá ti jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é fún ẹ̀kọ́ tàbí fàájì ló ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ. Wọn yóò so apá mọ́ ara, wọn yóò gbé ẹ́ńjìnnì sí i, ó di ọkọ̀.

Wàhálà di ti transponder, ẹ̀rọ rédíò tó ń fi ọkọ̀ han àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú. FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé láti 2020, ẹni tó bá máa fò nítòsí àwọn pápákọ̀ òfurufú ńláńlá gbọ́dọ̀ ní ADS-B, ẹ̀rọ tí yóò máa kéde ibi tó wà láìsinmi. GPS ni yóò máa sọ ibẹ̀ fún un. GPS wo? Ìjà dé nìyẹn.

Ti orí fóònù ò tó. Wọ́n fẹ́ èyí tí ewu pé ó ń purọ́ ibi tó wà kò ju 1 nínú 10,000,000 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, baálé ilé wo ló tó bẹ́ẹ̀? Inú ọkọ̀ yìí kan náà sì ni ìkìlọ̀ wà fún èrò, pé kò bá òfin ààbò àwọn ọkọ̀ yòókù mu!

Ó tún ku ìgbì rédíò tí ADS-B yóò fi kéde: 978 MHz tàbí 1090 MHz. A kì í lo 978 kọjá ẹsẹ̀ bàtà 18,000 sókè, Amẹ́ríkà nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. 1090 ń lọ káàkiri ayé. Ẹ bi oníkàn wa, 1090 ni yóò mú. Ọkọ̀ ò tíì ní táyà o.