Ìpàkọ́ Tó Dé Venice

Bí o bá fẹ́ rí àwòrán tó ń ṣí ni lójú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ orúkọ ayàwòrán nì, J.D. 'Okhai Ojeikere, sí Google. Ìpàkọ́ ni yóò tú jáde, ìpàkọ́ lóríṣiríṣi, dúdú àti funfun. Ní 1968 ni bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin wa, ó sì yà á tó ẹgbẹ̀rún. Ojú kì í sábà hàn nínú wọn. (Ajigbèsè ì bá fẹ́ràn irú fọ́tò bẹ́ẹ̀.) Irun onílé gogoro wà níbẹ̀, a fi òwú kó o, ó ga débi tí kò lè wọ dánfó láìtẹríba. Ní 2013, àwọn ìpàkọ́ yìí dé Venice ní Ítálì, níbi àfihàn ọnà ńlá tí wọ́n ń pè ní Biennale, àwọn èèyàn sì ń sanwó wọlé wò wọ́n.

Ọmọge kan gbé fóònù sójú onídìrí ní Mushin: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irú èyí táwọn èèyàn sanwó wò ní Venice ni mo fẹ́."

Onídìrí wò ó. "Èyí tí ìyá mi ń fipá kó fún mi, tí mò ń sunkún? Èló ni wọ́n san láti wò ó?"

Ọmọge sọ fún un.

"Ó dáa, jókòó. Ṣùgbọ́n iye tí mo pè lẹ́ẹ̀kan ti yí padà o."