Ẹni Tó Ni Máńgòrò Ló Ni Ewé Ẹ̀

Ẹ̀yin bàbá onílé, ẹ kú ilé o. Ẹ kú owó sìmẹ́ńtì, ẹ kú wàhálà ayálégbé, ẹ kú ìpàdé ẹgbẹ́ onílé tí kì í tán títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló gbé mi wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú ajá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ igi yín ni: èyí tí ìdí rẹ̀ wà lọ́gbà yín, tí orí rẹ̀ wà lórí páànù onípáànù, tí ẹ̀ka rẹ̀ kan rọ̀ mọ́ wáyà iná, tí èkejì sì ti gba ojú fèrèsé wọ yàrá ìyá arúgbó ojúlé kejì láìkan ìlẹ̀kùn.

Kò sí onílé tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan péré kọjá ààlà rẹ̀ wò. Kíá ni yóò fa ìwé ilẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, yóò pe lọ́yà, yóò pe ọmọ onílẹ̀ tó tà á fún un, yóò sì bú ẹbí tó bí yín mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n máńgòrò rẹ̀ ti fo fẹ́ǹsì tipẹ́, ó ti di ará ilé nílé onílé, bàbá ò rí i. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ nìkan ló ní ààlà, òfuurufú ò ní. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Wọn ò ní kí ààlà ọ̀hún dúró sísàlẹ̀ kó má gòkè.

Àwọn baba wa tí à ń pè ní ará oko gbọ́n jù wá lọ níbi ká gbin nǹkan sí ààlà. Pèrègún àti akòko ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀. Àwọn méjèèjì a máa dúró ṣánṣán, bí ẹ bá gé wọn lónìí wọ́n á tún rú, wọn kì í sì í na ọwọ́ sí ọbẹ̀ aládùúgbò. Àwa tí ojú là ló wá gbin máńgòrò sí ìdí fẹ́ǹsì, nítorí pé lọ́jọ́ tí a gbìn ín, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. A mọ̀ ọ́n pa, a mọ̀ ọ́n lórin, a kàn ń dúró kí ìrókò tóbi tán ká tó wá àdá ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kí àwọn olóyè igi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Onímáńgòrò, ẹ̀yin lẹ́ kọ́kọ́. Bí Oṣù Kẹta bá ti dé tí èso ń pọ́n, tiyín pátápátá ni igi yìí. Èyí tó bá já sí ojúlé kejì, ẹ ti rán ọmọ pé kó gbé abọ́ lọ ṣà á wá kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tán. Ọmọdé tó bá sọ òkò sí i, olè ni, ìyá rẹ̀ olè, àdúgbò tó ti wá pàápàá, olè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ewé, ìwàásù ló kù. Ẹ gbọ́ èyí tó wáyé lórí fẹ́ǹsì láàárọ̀ Sátidé kan:

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ dákun, ewé igi yín tún ti kún àgbàlá mi o."

"Káàárọ̀ o, Ìyá Ìbejì. Ewé ni? Èmi kọ́ o, atẹ́gùn ni."

"Ó ti dí ojú ibi tí omi ń gbà wọ táǹkì mi, sà."

"Iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ìyàwó wa. Ta ló lè bá Ọlọ́run jà?"

"Ṣé Ọlọ́run náà ló rán ọmọ yín wá ṣa máńgòrò lánàá, sà?"

Bàbá rántí lójijì pé tíì òun ti ń tutù, ó wọlé lọ. Máńgòrò, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá. Ewé, iṣẹ́ Olúwa.

Tọ̀sán tún kéré. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn àdán á dé. Wọ́n á jẹ máńgòrò Bàbá, wọ́n á ju kóró rẹ̀ sórí páànù Ìyá Ìbejì. Gbì! Aago méjì òru. Ọkọ rẹ̀ á fò dìde, á fa àdá yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù pọ̀ mọ́ Ògún. Olè kankan ò wá. Àdán ló ń jẹun alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, aṣọ funfun tí wọ́n sá sórí okùn á ti di àdìrẹ láì dé ọjà Ìtòkú.

Ìyá Onífúrúùtù, ẹ kú ìbòòji o. Abẹ́ igi yín tutù, mo gbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ayò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ gbogbo àdúgbò kó tó dé kóòtù. Ṣùgbọ́n fúrúùtù kì í wọ́wé níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ewé rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, yóò sì dà wọ́n sílẹ̀ fìì, ewé tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Kí ni ìyá wá ń ṣe sí i? Wọ́n á gbá ojú ilé tiwọn mọ́ tónítóní, wọ́n á wọ́ gbogbo ewé sínú gọ́tà, wọ́n á gbójú sókè máa retí òjò. "Omi á gbé e lọ." Omi á gbé e lọ síbo, ìyá mi? Iwájú ilé ẹlòmíì ló ń gbé e lọ. Ìbàdàn tí omíyalé odò Ògùnpa ṣe báyẹn ní 1980 kọ́ ló yẹ kó tún máa fi gọ́tà ṣe ààtàn. Láyé wọlé-wọlé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìgbà náà, ta ní jẹ́ dán an wò? Kí ọkùnrin oníkakí yẹn kàn yọ lórígun àdúgbò báyìí, kódà àwọn tó mọ́tótó á tún ìkòkò omi fọ̀.

Bọ̀dá wa tó wà ní London ńkọ́? Bọ̀dá, ẹ kú òtútù. Òfin kan wà lọ́hùn-ún láti 2003: bí ọgbà igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ bá ga ju mítà 2 lọ, tó sì ń dí aládùúgbò lójú ìmọ́lẹ̀, aládùúgbò lè fẹjọ́ sun kánsù, kánsù sì lè pàṣẹ kí wọ́n gé e kúrú. Bọ̀dá mọ òfin yìí dáadáa. Ní Peckham, ṣísọ́ọ̀sì kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń gé ọgbà wọn ní Sátidé, wọ́n ń fi téèpù wọ̀n ọ́n, wọ́n ń kí òyìnbó ojúlé kejì tẹ̀ríntẹ̀rín. Ilé wọn ní Ìbàdàn wá rèé, dóńgóyárò ti di wáyà iná mú, bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ lásán, gbogbo àdúgbò ti wọ òkùnkùn. Ẹ pè wọ́n lórí WhatsApp: "Màá bá ẹni tó ń bá mi ṣọ́lé sọ̀rọ̀." Ẹni tó ń bá wọn ṣọ́lé ní ọ̀gá ò tíì fowó ránṣẹ́. Igi ń dàgbà ní tiẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni ṣírò owó pọ́n-ùn.

Alágbà Má-Fọwọ́-Kàn-Án náà ń bẹ. Wọ́n ní igi tiwọn kì í ṣe igi lásán, àwọn ìyá ayé ń ṣèpàdé lórí rẹ̀, ẹni tó bá gé e á rí i he. Ó yé mi, bàbá. A ò ní kí ìpàdé má wáyé. Ẹ kàn bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún àga wọn kúrò lórí páànù ojúlé kejì. Ẹ sì bá wa bi wọ́n pé ètùtù wo ni ìjì ṣe kó tó ya ẹ̀ka kan lulẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ ń rẹ́rìn-ín láti òkè wá, ó kàn yín wàyí. Láti Oṣù Kẹta títí dé Oṣù Kẹfà, ẹ̀ka tó wà lórí ilé yín ò dí yín lọ́wọ́ rárá. Ẹ de ìwọ̀ mọ́ orí ọ̀pá gígùn, ẹ ń já máńgòrò onímáńgòrò ní ìdákẹ́jẹ́ òwúrọ̀. Èso tán lórí igi, kíá, ẹ̀ka di ìnira, ẹ ti kọ ìwé sí ẹgbẹ́ onílé pé ẹ̀mí yín wà nínú ewu! Ẹlòmíì nínú yín ò ní í kọ ìwé ní tiẹ̀. Òru ló máa lọ, á da omi bátìrì sí ìdí igi, tàbí kó bó èèpo rẹ̀ yí po. Igi á gbẹ dandan. Ó kù ká wá wo ibi tí igi gbígbẹ ọ̀hún máa wó sí. Orí ilé ta ló ti tẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀?

Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa ti yanjú ìjà yìí tipẹ́. Ní 1894, ẹjọ́ Lemmon àti Webb dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dọ̀ wọn. Webb ló gé ẹ̀ka igi Lemmon tó yọ sórí ilẹ̀ rẹ̀, láì sọ fún un. Àwọn adájọ́ ní Webb ò jẹ̀bi: ẹ̀ka tó bá kọjá ààlà, ẹni tó kọjá sí lọ́dọ̀ lè gé e dé ojú ààlà, bí kò bá ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láti gé e. Ẹ má tíì fò sókè. Ní 1919, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Brooker já èso ápù tó yọ sórí ilẹ̀ rẹ̀ láti ara igi aládùúgbò, ó gbé e lọ tà. Ilé ẹjọ́ ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, onígi ló ni èso. Òfin fún yín láṣẹ láti gé ẹ̀ka. Kò fún yín láṣẹ láti jẹ èso rẹ̀ mọ́ ọn. Bí igi bá sì ti jẹrà, tí olówó rẹ̀ mọ̀, tó ń wò ó níran títí tó fi wó lu ilé ẹlòmíì, kó má sọ fún adájọ́ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Àwọn adájọ́ náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n mọ ohun tí Ọlọ́run ń ṣe.

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ rọra pẹ̀lú àáké yín. Láti 2008 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fi 14 Oṣù Keje ṣe ọjọ́ igi gbíngbìn, àjọ LASPARK ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ igi, ìwé àṣẹ lẹ máa gbà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gé igi lulẹ̀. Ẹ̀ka la ní kí ẹ rẹ́. Ẹni tí a ní kó gé irun ò gbọdọ̀ bẹ́ orí.

Ó wá ku agégi, ẹni tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Nísàlẹ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀: "Dádì, ohun tẹ́ ẹ bá fún mi ni màá gbà." Ó gun òkè, ó gé ẹ̀ka dé ìdajì, ẹ̀ka ń mì jọ̀bọ̀ lórí ọkọ̀ yín, ó wá fi ọwọ́ nu òógùn: "Dádì, igi yìí mà le o. Ẹ fi nǹkan sí i." Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti ná ọjà níbẹ̀? Nítorí náà, ẹ parí ọ̀rọ̀ owó kó tó gun igi, ẹ rí i pé ó fi okùn de ẹ̀ka ńlá kó tó gé e, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tó àwọn oníná létí tí ẹ̀ka bá ti kan wáyà. Àdá kì í bá iná ṣeré.

Ìdájọ́ mi rèé, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Onígi, ẹ máa rẹ́ ẹ̀ka yín lọ́dọọdún: ti máńgòrò, bí èso bá ti tán; ti ẹ̀ka gbígbẹ, kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ewé tó bá bọ́ sí ojúlé kejì, ẹ rán ọmọ tó ń ṣa máńgòrò pé kó mú ìgbálẹ̀ dání lọ. Máńgòrò tó bá sì já sí àgbàlá aládùúgbò, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Owó ìjókòó ẹ̀ka yín nìyẹn, kò sì tíì tó. Aládùúgbò, òfin ní ẹ lè gé ẹ̀ka láì sọ. Ìwà ọmọlúàbí ní kí ẹ kọ́kọ́ kan géètì, kí ẹ kí bàbá, kí ẹ sì jọ dá owó agégi. Òjò kì í béèrè ẹni tó ni igi kó tó wó o. Ẹ pe agégi lọ́sẹ̀ yìí.