Akólòlò Kò Pẹ́ Dé

Bó pẹ́, bó yá, akólòlò á pe baba. Òwe yìí dára. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á fẹ́ fi tu ẹni tí nǹkan ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ni: obìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ, oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kò tíì tà, ọmọ tí ìwé kò tètè yé. Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí bàbá kan yóò dúró lẹ́nu géètì ilé-ìwé ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, tí yóò tú ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí yóò sì kọjú sí olùkọ́ tó di géètì mú: "Tíṣà, ẹ ní sùúrù. Bó pẹ́, bó yá, akólòlò á pe baba. Ọmọ ṣáà ti dé."

Ọmọ ṣáà ti dé! Ẹ jẹ́ á yẹ òwe náà wò dáadáa kí wọ́n tó bà á jẹ́ tán. Akólòlò tí àwọn àgbà ń sọ kò sùn gbàgbé. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú pe bàbá rẹ̀, òun náà wà níbẹ̀, ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ la ẹnu ni òun náà la tirẹ̀. "Ba-ba-ba" tó ń ṣe yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ahọ́n rẹ̀ ló ń fà, òun fúnra rẹ̀ kò fà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àgbà fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò pè é. Àgbà kan kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣì wà nílé tó ń wá ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kejì.

Bí a bá sì bi òbí léèrè ohun tó fà á, ìdáhùn kì í wọ́n. Iná ò sí, wọn ò rí aṣọ lọ̀. Omi ò tètè gbóná. Bẹ́líìtì sọnù. Ọkọ̀ ò tètè ṣáná. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: "Ẹ ò rí bí ojú ọ̀nà ṣe rí ni?" A rí i. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger àti ti afárá Third Mainland ní Èkó kì í ṣe àlejò. Ó wà níbẹ̀ lánàá, ó wà níbẹ̀ níjẹta, ọmọ tí wọ́n máa bí lọ́dún tó ń bọ̀ yóò sì bá a níbẹ̀. Ẹni tó ń bá a pàdé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tí ẹnu ṣì ń yà á láràárọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kúrò ní ti ojú ọ̀nà.

Nítorí òbí yìí kan náà ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ máa gbéra láago mẹ́wàá alẹ́, tí yóò ti jókòó sí pápákọ̀ Ìkẹjà láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí yóò di ìwé ìrìnnà mú mọ́ àyà. Bí wọ́n bá pè é fún ọ̀rọ̀ físà ní Victoria Island, ìdájí ló máa bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Bí Arsenal bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù láago mẹ́rin ààbọ̀, aago mẹ́rin ló ti gba àga iwájú. Ẹ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹ wo bí àwọn regbéregbé, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ṣe ń yọ síbi ọdún Ojúde Ọba: aṣọ ti pé, gèlè ti le, ẹṣin àwọn ìdílé Balógun ti wọ ọ̀ṣọ́ tán. Kò sí télọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ tí yóò sọ fún wọn pé òun máa kó aṣọ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́ wa pé a ò mọ aago. A mọ aago dáadáa. Ẹni tí à ń bẹ̀rù nìkan la máa ń fi ìmọ̀ náà hàn. Ọkọ̀ òfuurufú lè fi wá sílẹ̀ lọ, ilé-ìwé ni kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá.

Ẹ jẹ́ á ṣírò ohun tí "ọmọ ṣáà ti dé" ń náni. Ká ní ọmọ ń fi ìṣẹ́jú 15 péré pẹ́ lójúmọ́. Ní ọjọ́ márùn-ún, ó di ìṣẹ́jú 75. Bí sáà kan bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13, ó di wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 15. Sáà mẹ́ta ló wà lọ́dún: wákàtí 48 àti ìṣẹ́jú 45. Bí ọmọ bá ń gba ẹ̀kọ́ fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, a jẹ́ pé ọmọ tí kò pa ilé-ìwé jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ti pàdánù bí ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ méjì gbáko. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀kọ́ tó ń pàdánù náà kì í sì yí padà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni ṣáá. Ilé-ìwé púpọ̀ ló sì ń fi ìṣirò ṣíde ọjọ́, nígbà tí orí ọmọ ṣì tutù. Ọmọ tó pẹ́ á yọ wọlé, á bá olùkọ́ níbi "nítorí náà, ìdáhùn wa jẹ́ 24." Láràárọ̀ ló ń gbọ́ ìdáhùn, kò gbọ́ ìbéèrè rí. Nígbà tí èsì ìdánwò bá wá dé, tí máàkì ìṣirò kò tó ohun tí wọ́n ń fi han àlejò, ilé á gbóná. Ọwọ́ ayé ti kan ọmọ! Wọ́n á gbé orúkọ rẹ̀ tọ wòlíì lọ, wòlíì á ní ìyá àgbà kan lábúlé ló ti ọpọlọ ọmọ mọ́ inú ìkòkò, á ní kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀. Ìyá àgbà tí kò ní aago, tó ń jí láago márùn-ún lójoojúmọ́ ayé! Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Agogo ilé-ìwé lù láago mẹ́jọ, ọmọ dé láago mẹ́jọ ààbọ̀, ta ni kò mọ ẹni tó jẹ ìṣirò ọmọ? Ìpàdé àdúrà tí wọ́n ti lọ lé àjẹ́ náà ńkọ́? Wọ́n tètè débẹ̀.

Pípẹ́ ní ẹ̀gbọ́n, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àìwá. Bí sáà bá wọlé, òbí á ní: "Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ yìí? Koríko ni wọ́n ń ro, wọn ò tíì kọ́ wọn ní nǹkan kan." Ọmọ jókòó sílé. Nígbà tó jẹ́ pé bí gbogbo òbí ṣe ń ronú nìyẹn, olùkọ́ dé kíláàsì, ó bá àga. Kò rẹ́ni kọ́, ló bá ní kí àwọn mẹ́rin tó wá lọ ro koríko. Òbí gbọ́, ó pàtẹ́wọ́: "Ẹ ò rí i? Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ìdánwò ti parí, kí ni ọmọ tún ń wá lọ? Láàárín méjèèjì, ìsìnkú wà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbéra nítorí àìsùn, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa sin òkú, Àbámẹ́ta ni ìnáwó, Àìkú ni ìdúpẹ́, ọjọ́ Ajé ara ń ro kóówá. Òkú kan ṣoṣo, ọjọ́ ilé-ìwé mẹ́ta. Ọmọ ọdún méje tí wọ́n rán aṣọ ẹbí fún kò sì mọ olóògbé náà rí.

Ta ni ìyà rẹ̀ ń jẹ? Ẹ dé ẹnu géètì ilé-ìwé láago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Àwọn ọmọ tó pẹ́ ti kúnlẹ̀ sórí yanrìn, àwọn kan ń ṣa ìdọ̀tí, àwọn kan ń na ọwọ́ gba pàṣán. Bàbá tó jí láago méje ti yí ọkọ̀ padà, ó ń juwọ́: "Ó dàbọ̀ o, kàwé dáadáa." Ẹni tí kò lè dá sọdá títì ló ń jẹgba nítorí ẹni tó ń wa ọkọ̀. Ilé-ìwé mìíràn á tilẹ̀ ti géètì pa, á lé ọmọ padà sílé kí ó lè kọ́gbọ́n. Ó ti pàdánù ogún ìṣẹ́jú tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi odindi ọjọ́ kan ṣe ènì fún un. Bí àṣẹ bá wà lọ́wọ́ mi, bàbá yẹn ni ǹ bá ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó wá ṣa ìdọ̀tí náà, pẹ̀lú táì rẹ̀ lọ́rùn.

Òfin kúkú mọ ẹni tó yẹ kó bá wí. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2004 sọ ọ́ di dandan kí òbí rí i pé ọmọ òun ń lọ sí ilé-ìwé, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Bí ilé ẹjọ́ bá dá òbí lẹ́bi nígbà àkọ́kọ́, ìbáwí ẹnu ni. Nígbà kejì, ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì, tàbí méjèèjì. ₦2,000! Owó yẹn kò tó ra gèlè aṣọ ẹbí tí wọ́n torí rẹ̀ dá ọmọ dúró.

Àwọn tó ṣáájú wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà ju 800,000 lọ, àwọn tó ń ti abà wá ń fi ẹsẹ̀ rìn, àkùkọ ló sì ń jí wọn. Ní Èkó, kí Alhaji Lateef Jakande tó di gómìnà lọ́dún 1979, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò gba ọmọ. Àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń dúró di ọ̀sán. Ìjọba rẹ̀ kọ́ kíláàsì kún kíláàsì kí gbogbo ọmọ lè máa lọ láàárọ̀. Àwọn tó jẹ àǹfààní àárọ̀ yẹn ti di òbí báyìí, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn dá ilé-ìwé ọ̀sán padà.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwa ará ilé nìkan ni, ẹ jẹ́ á sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń pe orúkọ níbẹ̀, ohun gbogbo ló sì ní àmì. Ọmọ tó pẹ́ ṣùgbọ́n tó ṣì bá ìwé orúkọ ní ṣíṣí gba L. Ẹni tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á dé gba U, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tí kò wá láìgbàṣẹ. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, bí àìwá láìgbàṣẹ bá pé ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ mẹ́wàá, òbí lè gba ìwé ìtanràn: £80 bí ó bá san án láàárín ọjọ́ 21, £160 bí ó bá di ọjọ́ 28. Òbí kọ̀ọ̀kan ló ń san án lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, £480 nìyẹn. Bí wọ́n bá tún ṣe é láàárín ọdún mẹ́ta, £160 ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta di ti ilé ẹjọ́, tó lè bu ìtanràn tó tó £2,500. Àwọn onílẹ̀ náà ti jìyà ẹ̀. Jon Platt, ará Isle of Wight, mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Disney World ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015 nígbà tí ilé-ìwé ń lọ lọ́wọ́. Ó kọ ìtanràn £120, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, àwọn adájọ́ ní ọjọ́ tí ilé-ìwé bá là kalẹ̀ ni ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òbí kò láṣẹ láti ṣà nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo òbí Yorùbá tó ti dé Peckham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí olùkọ́ Muṣin kò fojú kàn kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ tó lù ń sáré tẹ̀ lé ọmọ nínú òtútù, ó ń pariwo pé "Yá, wọ́n fẹ́ ti géètì!" Òwe akólòlò ti pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oṣù kejìlá kàn yọjú báyìí. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà kí ilé-ìwé tó gba ìsinmi dín owó, ìgbéyàwó àbúrò sì wà ní Lẹ́kí. Ló bá kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé pé ìyá àgbà kú. Ìyá àgbà yìí kan náà ti kú lọ́dún tó kọjá, ó kú lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, ó sì ń jó nínú fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n gbé sórí Facebook.

Gbogbo òbí kọ́ ni mò ń bá wí. Ìyá tó ní láti dín àkàrà tà kí owó ọkọ̀ ọmọ tó pé, ọmọ tó ń tọ́jú àbúrò nítorí ìyá wà lórí àìsàn, ọmọ tí kò fẹ́ lọ nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ ọn: ìrànlọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ń fẹ́. Ilé-ìwé tó bá ń yẹ ìwé orúkọ wò yóò tètè rí wọn, yóò pe òbí, yóò sì béèrè. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tó ní ọkọ̀, tó ní fóònù méjì tó ń dún lórí ìrọ̀rí, tó sì ń fi méjèèjì wo ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni títí di aago kan òru.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀, nígbà tí iná bá wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kó báàgì, bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì síbi kan kí ó tó sùn, kí ó sì tètè sùn. Bí agogo bá ń lù láago mẹ́jọ, ẹ fi aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú sọ́kàn. Bí ara ọmọ kò bá yá, ẹ pe olùkọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Bí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kò bá le, kí ó dúró di ìgbà tí wọ́n bá jáde ní ilé-ìwé. Bí ìnáwó bá wà, kí ìrìn-àjò ọmọ dúró de Àbámẹ́ta. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣáájú ọmọ dé kíláàsì, kí ẹ sì gbé pàṣán sílẹ̀, kí ẹ fi fóònù pe òbí.

Ọmọ ọdún méje kò ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Òun kọ́ ló ń sọ ìgbà tí ilé máa sùn, òun kọ́ ni wọ́n ń fún ní ìwé ìpè ìnáwó. Nítorí náà, bí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé àwọn tó pẹ́, ẹ má bi í ní ohun tó ṣe é. Ẹ wo ẹni tó mú un wá. Òun ló pẹ́.