Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́ Lórí Òjò Dídì

Àwọn àgbà tó sọ pé àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, pé bí ènìyàn bá rìn jìnnà tó, yóò rí abuké erin, gbà pé ẹsẹ̀ ni arìnrìn-àjò yóò fi rìn, ojú ni yóò sì fi rí. Wọn kò ro ti ayé tí bàálù yóò máa bá ènìyàn rìn, tí fóònù yóò sì máa bá a wo ohun tó lọ wò. Nínú òwe náà, ohun tí a bá rí ni èrè, jíjìnnà kàn jẹ́ owó tí a san láti rí i. Ṣùgbọ́n àwọn kan láyé òde òní ti gé òwe náà sí méjì: wọ́n mú ìdajì tó sọ̀rọ̀ ìrìn jíjìn, wọ́n sì fi ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní ìwé ìrìnnà.

Ibi tí èyí ti hàn jù ni ìsinmi Àjíǹde, nígbà tí ọmọ Bọ́lọ́rundúró, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Àkúrẹ́ bá kó ìyàwó, ọmọ àti ìyá ìyàwó, ó di orí òkè òjò dídì ní Yúróòpù. Òjò dídì ni omi tó dì nínú ìkùukùu, tó sì ń rọra já bọ́, ó sì yàtọ̀ sí yìnyín tí ń lu páànù nílẹ̀ Yorùbá. Eré tí wọ́n ń bá lọ, tí wọ́n ń pè ní sikíì, ni kí ènìyàn de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ bàtà líle, kí ó mú ọ̀pá méjì dání, kí àga tó so rọ̀ sára okùn irin gbé e gòkè, kí ó sì máa yọ̀ bọ̀ wá sísàlẹ̀. Oṣù Kẹta sí Ìkẹrin ni ìgbà ìrúwé bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Òjò dídì a dì gbagidi lóru, oòrùn a sì yọ́ ọ di ẹrẹ̀ lọ́sàn-án, débi pé ẹni tí kò bá tètè jí yóò máa fi pátákó olówó ńlá wa ẹrẹ̀, tí ìyá ìyàwó yóò sì jókòó sí ilé oúnjẹ nísàlẹ̀ òkè, tí yóò máa ṣọ́ ẹ̀wù.

Ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ lọ ní láti kọ́kọ́ gba físà Schengen, ìwé ìwọ̀lú kan ṣoṣo tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tí owó ìbéèrè rẹ̀ fún àgbàlagbà di 90 yúrò ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, tí wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ̀ ọ́. Yóò ra adójútòfò ìtọ́jú ara tó tó 30,000 yúrò, yóò kó àkọsílẹ̀ owó báńkì rẹ̀ síta, yóò sì fi ẹ̀rí hàn pé òun yóò padà sílé. Gbogbo èyí ló fara dà kí ó lè lọ ṣubú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ṣíṣubú náà kì í sì í sí nínú fọ́tò tó máa ń dé WhatsApp mọ̀lẹ́bí: níbẹ̀, awò ojú ti gòkè síwájú orí kí ojú lè hàn, pátákó sì wà léjìká bí ìbọn ọdẹ.

Kì í ṣe pé òjò dídì kọ ọmọ Yorùbá. Ní PyeongChang, ní Kòríà Gúúsù, lọ́dún 2018, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, Seun Adigun wà nínú ẹgbẹ́ tó lọ fún bobsleigh, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ń fi sáré lójú ọ̀nà oníyìnyín, Simidele Adeagbo sì dojú bolẹ̀ sáré lórí ohun kékeré tí wọ́n ń pè ní skeleton, tí orí ẹni ni yóò ṣáájú. Adigun tilẹ̀ fi igi kan ọkọ̀ ìdánrawò tirẹ̀ ní Houston, ìlú tí òjò dídì kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Irú wọn ló rí abuké erin.

Ṣùgbọ́n òkè ń bẹ nílé. Bọ́lọ́rundúró kò jìnnà sí Òkè Ìdànrè, tí UNESCO gbà ní ọdún 2007 sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí a lè wá kà mọ́ ogún àgbáyé. Kò sí àga orí okùn níbẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni a ó fi ẹsẹ̀ gùn dé ibi tí ààfin àti ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ wà, èyí tí àwọn ará Ìdànrè fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwọn ọmọ agbègbè náà tó jẹ́ pé láti ojú fèrèsé mọ́tò nìkan ni wọ́n ti rí i kò kéré, orúnkún ni wọ́n sì máa ń dá lẹ́bi. Orúnkún kan náà tó kọ àtẹ̀gùn Ìdànrè ló sì gbà láti yọ̀ lórí òjò dídì.

Lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó yá ènìyàn ní bàtà sikíì, wọn yóò wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn yóò béèrè bí ó ṣe tẹ̀wọ̀n tó kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe de pátákó náà le tó, síbẹ̀ bàtà náà yóò máa fún un títí di alẹ́. Ní Òkè Ìdànrè, ojú ẹsẹ̀ kan wà lára àpáta, ẹsẹ̀ Agbóògùn, tí ìtàn ìlú sọ pé ó ń bá ẹsẹ̀ gbogbo mu, ti ọmọdé àti ti àgbà, àyàfi ti àjẹ́. Bóyá àyàfi yìí ló mú kí àwọn kan rí i pé 90 yúrò kò wọ́n.