Owó Ìdúró: Ìdílé Yorùbá ní Ọgbà Ìṣeré Windsor

Ọgbà ìṣeré ńlá, irú èyí tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ilẹ̀ gbàǹgbà tí a fi ọgbà yí ká, tí a to oríṣìíríṣìí ẹ̀rọ tí ènìyàn ń gùn ṣeré sí nínú rẹ̀, tí ẹni tó bá fẹ́ wọlé sì gbọ́dọ̀ sanwó kí ó tó mọ ohun tí ó sanwó lé lórí. Ọ̀kan tí àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń kó ọmọ wẹẹrẹ lọ ni Legoland tó wà ní Windsor, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1996 lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi kìnnìún àti erin han ènìyàn tẹ́lẹ̀, títí ọgbà ẹranko náà fi kógbá wọlé ní 1992. Lego tí wọ́n fi sọ ọgbà náà lórúkọ ni àwọn bíríkì oníke kékeré tí ilé iṣẹ́ kan ní Denmark ń ṣe fún ọmọdé láti fi to ilé àti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní, a ó rí i pé kì í ṣe eré ni ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìdúró ni ọjà. Eré ni ènì.

Ìdí tí ìdúró fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní England, òbí tó bá mú ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ láìgba àyè nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́ lè san owó ìtanràn, nítorí náà oṣù kẹjọ, tí ọmọ gbogbo ènìyàn wà nílé, ni gbogbo ayé ń rọ́ lọ sí Windsor, tí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀ àti bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru dé sì jọ ń tò sẹ́yìn ara wọn. Pátákó kan wà lẹ́bàá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ iye ìṣẹ́jú tí ènìyàn yóò fi dúró, iye náà sì lè tó 60 fún eré tí kò ní ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ. Ará ilé ní Nàìjíríà lè sọ pé ìlà kò ṣàjèjì sí Yorùbá, òótọ́ sì ni, àmọ́ ìlà ti ilé ní òfin tirẹ̀. Níbi ẹ̀rọ omi àdúgbò, kẹ́ẹ̀gì ló ń tò, kì í ṣe ènìyàn; ẹni tó ni kẹ́ẹ̀gì lè padà sílé lọ koná mọ́ ọbẹ̀ nídìí, bí ó bá sì fi máa dé, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ yóò ti sún síwájú, nítorí pé ẹni tó wà lẹ́yìn ti bá a fẹsẹ̀ tì í. Ní Windsor, ara ni ènìyàn fi ń tò, òjò ìbáà máa rọ̀. Òjò tó ń tú òde ká nílé kò tú ìlà ká lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Wọn a fa fìlà ẹ̀wù bo orí, wọn a sì sún síwájú ní ìṣísẹ̀ kan.

Ẹni tí kò bá lè fara da èyí lè san owó mìíràn lórí owó àkọ́san, kí fóònù rẹ̀ máa bá a tò níbi tí kò sí ẹni tó ń rí i, kí ó sì pè é nígbà tó bá kàn án. Èyí fi hàn pé àwọn òyìnbó náà mọ iṣẹ́ kẹ́ẹ̀gì, wọ́n kàn dá owó lé e ni. Nílé, ẹni tó mọ ènìyàn níwájú ni kì í tò, a kì í sì í kọ iye tí ìyẹn jẹ́ sára pátákó.

Ìlà tán, ìwọ̀n kù. Lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ tó bá lágbára díẹ̀, òṣìṣẹ́ kan máa ń dúró pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn gíga ọmọ, nítorí pé irin tó ń di ènìyàn mú lórí ìjókòó ni a rọ fún ara tó tó ìwọ̀n kan, ọmọ tí kò bá sì tó o lè yọ́ bọ́ lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ́ kọ́nà. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání, kò sì sí òbí tó ń jà á níyàn títí wọn yóò fi wọn ọmọ tirẹ̀. Ẹ wo ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin tí ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n di ṣùkú fún lálẹ́ àná, ìyẹn irun tí a dì láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ orí, tí a wá kó jọ sí àtàrí bí agbọ̀n kékeré. Lójú ìyá rẹ̀, ó ti ga ju mítà 1 tí wọ́n ń béèrè lọ. Òṣìṣẹ́ gbé ọ̀pá lé ṣùkú, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ó wo ìyá, ìyá wo òkè. Ọmọ nàró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, òṣìṣẹ́ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀. Èrò ìyá ni pé ṣùkú wà lára gíga ọmọ, nígbà tó jẹ́ pé owó ni wọ́n fi dì í.

Ìwọ̀n báyìí kò yẹ kó ya àgbà Yorùbá lẹ́nu. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, olùkọ́ a sì ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ tó ilé ẹ̀kọ́ lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan etí lè dọ́gbọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, olùkọ́ tó bá lójú àánú a sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀pá Windsor kò lójú.

Ọmọ tí ọ̀pá bá kọ̀ ni ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró tì. Ọgbà náà ti ṣètò fún èyí: òbí kan á gun ẹ̀rọ pẹ̀lú ọmọ tó ga, èkejì á ṣọ́ èyí tó kúrú, lẹ́yìn náà wọn á pààrọ̀ láìtún ìlà tò. Ètò tó dára ni, àmọ́ ó gbà pé àgbà méjì péré ni ọmọ ní, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ní Bar Beach, etíkun kan ní Èkó, lọ́jọ́ Kérésìmesì, tàbí ní Transwonderland, ọgbà ìṣeré Ìbàdàn tí Noo Saro-Wiwa, ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní England, fi orúkọ rẹ̀ sí àkọlé ìwé tó kọ ní 2012 nípa ìrìn àjò rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní Bar Beach, kí wọ́n tó kó iyanrìn dí òkun ibẹ̀ láti kọ́ ìlú tuntun Eko Atlantic, bọ́ọ̀sì kan lè já ọmọ méjìlá àti àgbà márùn-ún sílẹ̀, tí olúkúlùkù ọmọ wọ aṣọ ọdún, tó fi awò dúdú oníke sójú, tó sì de aago tí kì í sọ ju àkókò kan lọ láti àárọ̀ dalẹ́ mọ́wọ́. Ẹni tó lówó a gun ẹṣin, a sì ya fọ́tò. Ẹni tí kò lówó a wo ẹni tó ń gùn ún, ìyẹn náà sì tó eré. Àǹtí ń ṣọ́ ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń ṣọ́ bàtà, ìyá sì ráyè jókòó sórí ẹní. Ó yẹ kí a fi kún un pé ọmọ a máa sọnù níbẹ̀ nígbà mìíràn. Níbi tí obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí ti ń fún un ní búrẹ́dì jẹ ni wọ́n sábà máa ń bá a.

Ní ti oúnjẹ, ọgbà Windsor kò dí ẹni tó bá gbé tirẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ìdílé Yorùbá sì ń jẹ àǹfààní yìí dé góńgó. Kúlà, ìyẹn abọ́ ńlá onídèérí tó ń pa ooru oúnjẹ mọ́, ni wọ́n fi ń gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, dòdò àti tọ̀lótọ̀ló díndín wọlé, bí wọ́n bá sì ṣí i lórí koríko, gbogbo àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì tútù nítòsí ni yóò yíjú. Ìyá àgbà tó wá láti Ìbàdàn bá wọn tọ́jú ọmọ ni kò ní jẹun ní àjẹgbádùn, nítorí pé ó ti sọ owó tíkẹ́ẹ̀tì di náírà lọ́kàn ara rẹ̀.

“Ṣé wọn yóò dá owó padà bí a ò bá gun gbogbo ẹ̀ ni?”

“Rárá, Mà.”

Ó mi orí, ó dìde, ó sì ń kí àwọn tó wà lórí ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ẹ kú ìdúró o.” Òun nìkan ló ní ọ̀rọ̀ tó bá ibẹ̀ mu.

Lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ni òṣìṣẹ́ kan ti máa ń ṣàlàyé pé a lè yọ owó tíkẹ́ẹ̀tì òní kúrò nínú owó káàdì ìwọlé ọlọ́dún kan. Bàbá tó ti búra lórí ìlà pé òun kò ní tẹ ilẹ̀ náà mọ́ láyé a yọ fóònù jáde, a pín owó náà sí mẹ́ta, a pín in sí mẹ́rin, a sì wá rí i pé bí àwọn bá lè wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Kò ka epo mọ́tò mọ́ ìṣirò yẹn, kò ka ìrẹsì, kò sì ka ọjọ́ iṣẹ́ tí yóò gbà láyè. Ìyàwó rẹ̀ ti ń wo ọ̀sẹ̀ tí ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ti oṣù kẹwàá bọ́ sí.