Ológún Ìgò, Ife Kan Ṣoṣo

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò bú ọkùnrin náà. Wọ́n kàn ní ẹrú ló wù ú, aṣọ kò wù ú, ohun tó sì wù ú ló ń ra títí ikú fi dé. (Ìwà ìkà tó wà nínú kí èèyàn máa ra èèyàn, ẹ jẹ́ ká dá a dúró di ọjọ́ mìíràn.) Ẹni tó rí òkú rẹ̀ nínú aṣọ kan náà lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé olóògbé kò mọ ohun tó ń fẹ́.

Ológún tòde òní, ìgò ló ń kó jọ. Bí ẹ kò bá rí i ní Sydney, ẹ ó rí i ní London, wọ́n sì ti ń rí i ní Lekki. Ó wọ bàálù Singapore Airlines lọ sí ìrìn-àjò kan. Omidan kan tó wọ aṣọ tí Pierre Balmain ará Faransé yà bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní kí ni wọ́n máa fẹ́ mu. Ọkùnrin wa ní Singapore Sling. Ọtí dé, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, yìnyín ń dún nínú ife, kò sì san kọ́bọ̀ lé e lórí. Láti ọjọ́ tó ti sọ̀ kalẹ̀ ni ilé ìdáná kò ti gba ìyàwó rẹ̀ mọ́. “Ìyá Tọ́lá, bá mi gbé agolo gàrí yẹn kúrò lórí pẹpẹ. Ọtí Denmark fẹ́ gba ibẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ Denmark yẹn kì í ṣe àsọdùn. Gẹ́gẹ́ bí hòtẹ́ẹ̀lì Raffles ní Singapore, níbi tí ọtí yìí ti ṣẹ̀, ṣe ń pò ó tẹ́lẹ̀, jíìnì 30 mílílítà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú Heering, ọtí ṣẹ́rì láti Copenhagen, 15. Cointreau tó wá láti Angers nílẹ̀ Faransé jẹ́ 7.5, Bénédictine láti Fécamp, tí wọ́n ní ewé àti egbò 27 wà nínú rẹ̀, náà jẹ́ 7.5. Lẹ́yìn náà ni omi ọ̀pẹ òyìnbó 120, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 15, omi dídùn grenadine 10, àti ẹ̀kán Angostura, ìgò kékeré olómi kíkorò láti Trinidad tí àwọn tó ń po Chapman l'Ékòó mọ̀ dáadáa.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò. Ìgò Bénédictine jẹ́ 700 mílílítà. Bí ife kan bá ń gba 7.5, ìgò kan yóò po ife 93. Kí Bénédictine tó tán, ọkùnrin yìí yóò ti mu ìgò jíìnì mẹ́rin àti ìgò Heering méjì, yóò sì ti fún omi ọ̀pẹ òyìnbó tó lé ní lítà 11. Bí kò bá sì fẹ́ mutí yó kú, Bénédictine á wà lórí pẹpẹ títí Tọ́lá yóò fi lọ́kọ. Gbogbo ìnáwó yìí, nítorí ife kan tí wọ́n fi ṣe é lálejò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé ọtí náà kì í ṣe ọmọ òfuurufú rárá. Ilẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Raffles ní Ngiam Tong Boon, ọmọ Hainan tó ń ta ọtí ní Long Bar wọn, ló kọ́kọ́ pò ó ní 1915. Láyé ọjọ́un, kò bójú mu kí obìnrin gidi máa mutí níta gbangba, ni baba yìí bá po ọtí tó jọ omi èso lásán, kí àwọn ìyálóde lè jókòó láàárín àwùjọ kí wọ́n máa mu ún láìsí ẹni tó máa wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin. Àwọn tó mọ ìtàn ọtí ṣì ń jiyàn títí dòní lórí ohun tó wà nínú ife àkọ́kọ́ yẹn. Ọdún rẹpẹtẹ kọjá kí Singapore Airlines, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, tó gbé e sókè. Nítorí náà, àwòkọ àwòkọ ni ológún ìgò wa ń kọ. Ẹni tó bá fẹ́ tòótọ́ rẹ̀, kó lọ jókòó ní Long Bar, kó máa jẹ ẹ̀pà, kó sì máa da èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Àṣà ibẹ̀ nìyẹn, ní Singapore kan náà tí wọ́n ti ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá da bébà sójú títì.

Ọjọ́ wá pé tí ohun gbogbo dé ọwọ́ ológún ìgò wa. Ó wọn ọ́n, ó mì ín, ó dà á sínú ife, ó tọ́ ọ wò, ó sì fajú ro. Kò rí bẹ́ẹ̀! Ó ti dùn jù.

Kò sì lè rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú bàálù tó wà lókè máa ń fúyẹ́ tó ti orí òkè tó ga ní nǹkan bíi 2,000 mítà, ó sì gbẹ bíi ti ọyẹ́, imú á gbẹ, imú ló sì ń bá ahọ́n mọ adùn. Ní 2010, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ Fraunhofer ní Holzkirchen, nílẹ̀ Jámánì, bá Lufthansa ṣe ìwádìí. Wọ́n gbé ara bàálù A310 sínú ibi ìdánwò, wọ́n dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù, wọ́n wá ń gbé oúnjẹ fún àwọn tó jókòó síbẹ̀. Iyọ̀ tí ahọ́n wọn mọ̀ dín ní ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ṣúgà dín ní 15 sí 20. Ní 2015, àwọn olùwádìí Yunifásítì Cornell l'Amẹ́ríkà náà rí i pé ariwo bíi ti ẹ́ńjìnnì bàálù máa ń bo adùn ṣúgà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé irú adùn tó wà nínú tòmátì àti irú sókè. Abájọ tí èrò inú bàálù fi ń mu omi tòmátì, àwọn tí kì í wò ó lójú nílé. Ọtí tó ní omi èso, ọtí ṣẹ́rì àti grenadine nínú, ahọ́n òkè ló gbà á mọ́ra. Ahọ́n ilẹ̀ á ní kí wọ́n gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n ṣé ológún ìgò á fura sí ahọ́n ara rẹ̀ ni? Rárá, ìgò ló fura sí. Ó ní jíìnì yẹn kò dáa tó, ó ra òmíràn. Ó ní bóyá ife ni, ó ra ife. Báyìí ni ìgò ṣe ń sún mọ́ ogún.

Ẹ má sì rò pé òun nìkan ni. Ní 2020 tí àrùn Kòrónà sé gbogbo bàálù mọ́lẹ̀, Singapore Airlines sọ bàálù A380 tó dúró ní pápákọ̀ òfuurufú Changi di ilé oúnjẹ. Owó àga tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ 642 dọ́là Singapore, bàálù náà kò sì gbéra, síbẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni àwọn àga àkọ́kọ́ tán. Ní Australia, Qantas gbé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń pín ọtí nínú bàálù 747 síta, ẹgbẹ̀rún kan níye, èyí tó kéré nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 dọ́là wọn. Wọ́n rà á tán láàárín wákàtí díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa ti ń fi orúnkún gbá láti ọjọ́ pípẹ́, tí a ń bínú sí pé ó dí ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́!

Ibi tí òwe àgbà ti ṣubú nìyí. Ológún ẹrú fẹ́ ẹrú, ó sì rí ẹrú. Èyí tiwa kò fẹ́ ọtí. Ohun tó wù ú ni àga tó nà gbọọrọ, fóònù tí kò lè dún, ọ̀gá iṣẹ́ tí kò lè rí i pè, àti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ béèrè ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọtí kàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò náà ni. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wù ú ló pọ̀ lọ́rọ̀ tirẹ̀, àwọn ìgò tó sì rà yẹn, bó bá ta gbogbo wọn, ó ṣeé ṣe kí owó wọn bẹ̀rẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá bá a tan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè bá a sọ ọ́. Ó ti ń wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò láti àná, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ ọtí lè gba ibẹ̀ kọjá.