Ọjọ́ Tí Mo Wẹ Gíwá

Mi ò ní dárúkọ fásitì náà, nítorí agbádá Gíwá ṣì wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Fásitì ìpínlẹ̀ ni, ibẹ̀ ni mo ti kàwé jáde. Àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde tí a jọ parí lọ́dún kan náà fẹ́ gbẹ́ kànga dẹ̀rọ sí ẹ̀yìn ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Wọ́n fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ nítorí pé mo sọ̀rọ̀ jù nípàdé, mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé mo mọ̀ nípa omi. Oníṣírò owó ni mí. Ohun tí mo mọ̀ nípa omi ni kí n mu ún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Inú ihò lọ́hùn-ún, lábẹ́ omi, ni wọ́n ń rì súmò sí. Òun ló ń ti omi gòkè sínú táǹkì. Láti inú táǹkì, omi á fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sẹ́nu ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé títóbi táǹkì ló ń fún omi lágbára. Irọ́ ni. Gíga rẹ̀ ni. Gbé táǹkì kékeré sórí òpó gíga, omi rẹ̀ yóò le ju ti táǹkì ràgàjì tó jókòó sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá kàn wá.

Agbaṣẹ́ṣe gbẹ́ ihò, ó kan omi, ó gbé táǹkì sórí òpó, ó na páìpù, ó wá dúró de ìyókù owó rẹ̀. Owó kò dé. Lórí Wáṣáàpù wa, bí akápò bá ti fi nọ́ńbà àkáǹtì síta, àwòrán àtẹ́wọ́ ni yóò tẹ̀lé e. Ẹnì kan tó ń fi fọ́tò ilé rẹ̀ ní Houston hàn wá láràárọ̀ ní òun ń fi àdúrà tì wá lẹ́yìn. Agbaṣẹ́ṣe kó súmò rẹ̀ lọ sílé. Mi ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìwé ìpè ti jáde, òkúta ìrántí ti dé, orúkọ mi sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà.

Ni mo bá pe ọlọ́kọ̀ táńkà. Bí a bá rọ omi kún táǹkì lóru, ta ni yóò mọ̀? Omi kì í kọ ibi tí wọ́n ti bí i síwájú orí. Mo san ìdajì owó, mo ní kó wá gba ìyókù lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí àlejò bá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mo ní lẹ́yìn tí àlejò bá lọ.

Ó ku ẹnu ẹ̀rọ tí wọn kò tíì dè. Mo rà á, mo fọwọ́ ara mi yí i wọlé. Àwọn pulọ́mbà máa ń wé téèpù funfun pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kí wọ́n tó yí i, kí omi má baà rí àyè jáde. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà fi lọ̀ mí. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni, mo ní kó fi pamọ́.

Ọjọ́ pé. Gíwá dé nínú agbádá funfun. Bọ́ọ̀sà dé, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dé. Olórí akẹ́kọ̀ọ́ kígbe “Greatest Nigerian students!”, ọgbà dáhùn “Great!” Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà dé, tàwọn ti korobá àti kẹ́ẹ̀gì. Ìyẹn ló yẹ kó bà mí lẹ́rù: èmi rò pé wọ́n wá pàtẹ́wọ́, àwọn wá pọnmi.

Mo gba máìkì. Mo sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo yin súmò tí kò sí nínú ihò. Mo ní kí wọ́n tẹ́tí sí i bó ṣe ń kùn lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan mi orí, wọ́n ní àwọn ń gbọ́.

Gíwá gé ríbọ́ọ̀nì, ó yí ẹ̀rọ. Kò sí nǹkan kan. Páìpù húkọ́ gbẹ bíi bàbá arúgbó tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ogún, ó tún dákẹ́. Mo rántí pé mi ò tíì ṣí fáàfù tó wà lẹ́sẹ̀ òpó. Mo ṣẹ́jú sí ọmọkùnrin kan tó dúró níbẹ̀. Ó yẹ kéèyàn máa ṣí i díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú páìpù lè ráyè jáde. Ta ló sọ fún un? Ó yí i tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ rántí òpó gíga yẹn. Omi sáré bọ̀, ó ń lé afẹ́fẹ́ níwájú. Gíwá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọjú wo ẹnu ẹ̀rọ bó ti yẹ ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀rọ já kúrò lẹ́nu páìpù, ó fò kọjá létí bọ́ọ̀sà. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ tó ti wà nínú páìpù látìgbà tí wọ́n ti ń walẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ó pọ́n, ó sì ki. Agbádá funfun gbà á láyà.

Mo sáré fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò páìpù. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé omi kì í tìtorí ọwọ́ dúró; ńṣe ló ń di tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì ń jìnnà sí i. Ni mo bá ń pín in. Mo fún bọ́ọ̀sà, mo fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìlà iwájú, gèlè ìyàwó Gíwá wó lulẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin hó yèè, wọ́n gbé korobá wọ àárín wa. Ọ̀kan ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ọwọ́ yín síbí díẹ̀.” Mo yí i. Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kún.

Ibẹ̀ la wà tí fèrè ọkọ̀ dún. Ọlọ́kọ̀ táńkà ni. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo omi tó ń ṣàn lọ, ó wá dúró gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì. “Alága! Omi mi tí ẹ ò tíì san owó rẹ̀ tán, ẹ wá ń dà á nù?”

Gbogbo ọgbà gbọ́. Gíwá wo òkúta ìrántí, ó wò mí, ó tún wo òkúta. Ẹrẹ̀ ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Alága,” ló wí. “Ṣé súmò yín ṣì ń kùn?”

Ẹ ti rẹ́rìn-ín tó. Ẹ jẹ́ kí èmi náà bínú díẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwa la ń tọrọ owó omi fún ilé ìwé tí ìjọba ìpínlẹ̀ ni? Òfin ọdún 2011 ló gbé TETFund, àpò owó ìrànwọ́ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, dúró. Èrè àwọn ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀, fásitì ìpínlẹ̀ sì ń jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú ti ìjọba àpapọ̀. Owó yẹn ń kọ́ ilé. Ẹni tó ni ilé ìwé ló yẹ kó fa omi wọ̀ ọ́, ọmọ tó ní kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀ kò yẹ kó máa jí lóru wá kànga kiri. Kì í ṣe iṣẹ́ oníṣírò owó rárá!

Mo san owó omi náà lápò ara mi, torí ọlọ́kọ̀ kọ̀ láti lọ. Ní alẹ́, mo fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí akápò, mo bi í pé abẹ́ kí ni ká kọ ọ́ sí nínú ìwé ìnáwó. Ó ní fídíò ti dé Houston, ẹni wa ọ̀hún sì ti san owó súmò pátá, ẹ̀rín ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ní ti omi táńkà, ó ní kí n kọ ọ́ sí abẹ́ ìgbàlejò.